Orí Mì, Akoto Ò Mọ̀

"Ọjọ́ tí òṣùpá já bọ́ láti ọ̀run, orí èmi Ọ̀jẹ̀lábí ló bà lé!"

Bí Ọ̀jẹ̀lábí ṣe bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà nìyẹn, lórí pèpéle ibùdókọ̀ òfuurufú Ìlú Àsorọ̀, níbi tí àwọn awakọ̀ mọ́kànlá jókòó sí tí wọ́n ń mu ẹ̀kọ gbígbóná, tí ìkuukùu sì ń kọjá lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn bí agbo àgùntàn tí kò ní darandaran.

"Gbàù! Mo ń sùn ni o. Mo ní, 'Ta ló ń kan ilẹ̀kùn?' Kí n tó lajú, òṣùpá ti là sí méjì, ó ń sunkún, ó ń bẹ̀ mí pé, 'Baba, ẹ dákun, ẹ forí jì mí, mi ò mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ wà ńbẹ̀.' Èmi náà ni mo fi àtè lẹ̀ ẹ́ padà. Àtè ọ̀hún ni kò dára. Ìyẹn lẹ ṣe ń rí i tó ń kù díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù, tó ń di èékánná. Ẹ wo orí mi! Ẹ wá ibi tó ha díẹ̀ níbẹ̀, kí n fún yín ní ìyàwó mi!"

Àwọn awakọ̀ rẹ́rìn-ín títí ẹ̀kọ fi gba imú ẹnì kan jáde.

"Ẹ ò gbà? Ẹ jẹ́ ká bi ẹlẹ́rìí." Ó fi ìka kan akoto tó dé sórí. "Akoto! Láti ọdún mọ́kànlá, ẹ̀ẹ̀melòó ni nǹkan gbá orí ọ̀gá rẹ?"

"Òdo," ni akoto wí, pẹ̀lú ohùn ewúrẹ́ tí ọ̀fìnkìn ń ṣe.

Akoto yìí, kò sí awakọ̀ ní Àsorọ̀ tó gbọ́dọ̀ ṣí i kúrò lórí, ìbáà máa jẹun, ìbáà máa bá ìyàwó rẹ̀ jà. Bí eṣinṣin bá fi ìbínú bà lé e, ó ti kà á. Bí ó bá sì ka ẹyọ kan péré, ẹni tó dé e di ará Ilé Ìdákẹ́ fún ọjọ́ mọ́kànlélógún. Kò ní ka ìwé, kò ní wo àwòrán, kò ní sọ̀rọ̀. Kò ní sọ̀rọ̀! Ọ̀jẹ̀lábí tí wọ́n ń pè ní Olórí-Irin, tó jẹ́ pé bí ó bá dákẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ìyàwó rẹ̀ á gbé dígí síwájú imú rẹ̀ láti wò ó bóyá ó ṣì ń mí.

Ọjọ́ ńlá sì lọjọ́ náà. Ọjọ́ Ìfẹsẹ̀kanlẹ̀ ni. Ẹ̀ẹ̀kan láàárín ọdún méje ni wọ́n máa ń kó àwọn ọmọ tí wọ́n bí sókè lọ sísàlẹ̀, kí wọ́n lè fi àtẹ́lẹsẹ̀ wọn kan erùpẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ogójì ọmọ ni, kò sí èyí tó tíì rí kòkòrò tó ń rìn nínú ilẹ̀ rí. Ogún ọdún ni Ọ̀jẹ̀lábí ti ń wakọ̀, mọ́kànlá nínú rẹ̀ ló fi tò lórí ìlà kí wọ́n tó yàn án láti wa ọkọ̀ àwọn ọmọ náà. Kò sí ẹni tí kò tíì sọ fún. Ó ti sọ fún aládùúgbò, ó ti sọ fún ẹ̀rọ tó ń fọ aṣọ. Nígbà tí ẹ̀rọ náà kò dáhùn, ó tún un sọ.

Ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni ni ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìdájí ọjọ́ yẹn gan-an.

Ó dá nìkan gbé ọkọ̀ náà, Ìyá Àṣá, jáde láti dán an wò nínú Ihò Ẹ̀fúùfù, àlàfo àárín òkè méjì tí gbogbo ọkọ̀ tó ń sọ̀kalẹ̀ sí ilẹ̀ gbọ́dọ̀ gbà kọjá. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kì í ṣe afẹ́fẹ́ ọmọlúàbí. Ó gbá ọkọ̀ náà mú, ó ń kù ú bí ìyálé tí inú ń bí ṣe ń ku èlùbọ́. Orí Ọ̀jẹ̀lábí kò kan irin, kò kan gíláàsì; ìgbànú ti dè é mọ́ àga pinpin, tìmùtìmù sì wà lẹ́yìn ọrùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọrùn ọ̀hún lọ síwájú, ó lọ sẹ́yìn, ó lọ, ó bọ̀, bí ọrùn alángbá tó gbọ́ ọ̀rọ̀ tó dùn mọ́ ọn. Nígbà tó gúnlẹ̀, ó bi akoto pé mélòó. Akoto ní òdo. Ó dúpẹ́, ó sọ̀kalẹ̀. Ìgbà tó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ ló rí i pé bàtà òsì ló wà lẹ́sẹ̀ ọ̀tún, kò sì rántí ìgbà tí òun bọ́ bàtà kankan.

Láti ìgbà náà ni agogo kékeré kan ti ń lù nínú etí rẹ̀, tí oòrùn sì ń gún un lójú bí abẹ́rẹ́. Kò lè jókòó. Bí ó bá jókòó, pèpéle á yí. Bí ó bá dìde, pèpéle á yí lọ sí apá kejì. Ọ̀rọ̀ nìkan ni kò yí, ìyẹn ló ṣe ń sọ ọ́ láìsinmi.

Kújọrẹ́ wá pè é. Ọ̀dọ́kùnrin tó ń jókòó sí àga òsì nínú ọkọ̀ ni Kújọrẹ́, igbákejì rẹ̀, ẹni tó lè wakọ̀ náà dáadáa ṣùgbọ́n tí kì í pariwo rẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá Ọ̀jẹ̀, ẹ káàárọ̀. Àwọn ọmọ ti wọkọ̀ tán. Ìyá Ṣiyanbọ́lá ló kù tó ń retí yín fún àyẹ̀wò. Bí wọ́n bá ti lu òǹtẹ̀ fún yín, a ti gbéra nìyẹn."

"Kújọrẹ́! Ṣé mo ti sọ ọ́ fún ọ rí? Ọjọ́ tí òṣùpá já bọ́ láti ọ̀run, orí èmi Ọ̀jẹ̀lábí..."

"Bọ̀ọ̀dá, mo wà ńbẹ̀. Ìsinsìnyí lẹ sọ ọ́. Ẹ̀kọ tó gba imú jáde yẹn, imú tèmi ni."

Àwọn awakọ̀ tún bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ni. Ta ni kò mọ Olórí-Irin? Ẹni tó fi ataare sínú fèrè ọ̀gá ibùdókọ̀ lọ́dún tó kọjá, kí ni kò lè ṣe? Ọ̀jẹ̀lábí náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín rẹ̀ ló ga jù. Kò rántí pé òun ti sọ ọ́.

Wọ́n gba afárá okùn kọjá. Lórí afárá náà, obìnrin kan jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń dirí fún àbúrò rẹ̀. Ọ̀jẹ̀lábí la ẹnu láti kí i bó ṣe máa ń kí i láràárọ̀. Ó mọ̀ pé ìkíni wà fún un. Ó wá a. Ọwọ́ rẹ̀ kò bà á. Ó dà bí ẹni tó na ọwọ́ sí àjà tó ti ń gbé ṣíbí sí fún ogójì ọdún, tí kò bá nǹkankan níbẹ̀.

"Ẹ kú ìṣòfò o!" ni ẹnu rẹ̀ sọ.

Òòyà obìnrin náà dúró nínú irun. Àbúrò rẹ̀ gbé ojú sókè. Lẹ́yìn náà ni obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ gbá itan.

"Olórí-Irin, o ò ní pa èèyàn! Ìṣòfò ta ni? Ìṣòfò iná orí? Máa lọ, jàre!"

Kújọrẹ́ di okùn afárá mú, ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń dà lójú rẹ̀. "Ẹ kú ìṣòfò! Fún onídìrí! Bọ̀ọ̀dá, ẹ ò dára o!"

Ọ̀jẹ̀lábí kò fi ìyẹn ṣeré. Òun nìkan ló mọ̀. Òógùn kan bọ́ láti abẹ́ akoto, ó rin títì ẹ̀yìn rẹ̀ lọ sísàlẹ̀ bí ẹni tó ń wá ilé ẹni tó máa sùn sí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí àyẹ̀wò Ìyá Ṣiyanbọ́lá jẹ́, kí ẹ lè mọ ìdí tí ọkùnrin yìí fi ń làágùn. Àyẹ̀wò ìkíni ni. Wọn á fi àwòrán oníṣẹ́ àtijọ́ han awakọ̀, kíákíá ni kó kí i bó ṣe yẹ. Ní Àsorọ̀ kò sí aró, kò sí oko, kò sí ọ̀pẹ tí ẹnikẹ́ni á gùn. Iṣẹ́ wọ̀nyẹn ti kú láti ayé àwọn bàbá ńlá, ṣùgbọ́n ìkíni wọn kò kú, ọmọdé ń mu ún mọ́ omi ọmú ni. Àwọn àgbà sì ti ṣàkíyèsí pé bí orí Yorùbá bá dàrú, kì í ṣe orúkọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń jábọ́. Ìkíni ni.

"Kújọrẹ́," ni Ọ̀jẹ̀lábí wí wẹ́rẹ́, "lánàá lo ṣe tìrẹ. Àwòrán ta ni wọ́n kọ́kọ́ fi hàn ọ́?"

"Háà, bọ̀ọ̀dá. Wọn kì í sọ ọ́."

"Òpè! Eré ni mo fẹ́ fi màmá yẹn ṣe. Kí àwòrán tó yọ, màá ti kí i. Ẹ̀rù á bà wọ́n, wọ́n á rò pé mo ti di ànjọ̀nnú."

Ojú Kújọrẹ́ tàn. Eré Olórí-Irin, ta ni kò ní fẹ́ lọ́wọ́ sí i? "Aláró ló ṣíwájú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni onídìrí, àgbẹ̀, ọdẹ, abiyamọ tuntun. Adẹ́mu ló kẹ́yìn."

"Kí sì ni èsì wọn? Sọ ọ́ kí n gbọ́ bóyá ìwọ gan-an mọ̀ ọ́n."

Bí Kújọrẹ́ ṣe ń kà á sílẹ̀ ni Ọ̀jẹ̀lábí ń fi kálámù kọ ọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ òsì rẹ̀, ìlà mẹ́fà, wẹ́wẹ́ bí ẹsẹ̀ èèrà. Ó ní kí Kújọrẹ́ padà sídìí ọkọ̀ kó lọ dúró ti àwọn ọmọ. Ó wọlé.

Ìyá Ṣiyanbọ́lá ti tó ẹni àádọ́rùn-ún ọdún. Ó ti ṣe nọ́ọ̀sì kí wọ́n tó fi í ṣe Olùtọ́jú Orúkọ Àrùn. Àpótí ìjókòó kékeré ló wà lábẹ́ rẹ̀. Igbá kan tí wọ́n dé ní ìdérí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ̀rọ Ojú-Inú dúró sí, gíga bí ilẹ̀kùn, ó ń kùn bí oyin. Lára ògiri ni wọ́n kọ òfin sí gàdàgbà: ÀRÙN TÍ A KÒ SỌ ORÍRUN ORÚKỌ RẸ̀ FÚN ẸNI, A KÒ GBỌ́DỌ̀ FI ORÚKỌ RẸ̀ DÁ ẸNI DÚRÓ.

"Ẹ káàárọ̀, Ìyá!" Ọ̀jẹ̀lábí dọ̀bálẹ̀. Ilẹ̀ sún mọ́ ọn ju bó ṣe rò lọ, ṣùgbọ́n ó dìde. "Ìyá, kí ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu. Ọjọ́ tí òṣùpá já bọ́ láti ọ̀run, orí èmi Ọ̀jẹ̀lábí ló bà lé! Gbàù!" Ó sọ ọ́ títí dé ibi àtè.

"Hẹn," ni Ìyá wí. Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó fa ìlà kan sí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. "Dúró síwájú Ojú-Inú."

Ẹ̀rọ náà la ojú rẹ̀, ó wo timọ́timọ́ egungun orí Ọ̀jẹ̀lábí. Iná aláwọ̀ ewé tàn. "Kò sí ibi tó fọ́. Kò sí ibi tó sán," ni ẹ̀rọ wí.

"Mo sọ fún yín!"

"O sọ ọ́. Egungun nìyẹn ń wò. Inú ni mo fẹ́ wò. Ó yá, kí wọn."

Ojú ògiri tàn. Obìnrin kan yọ, apá rẹ̀ dúdú dé ìgúnwọ́ nínú ìkòkò aró. Ọ̀jẹ̀lábí gbé ọwọ́ òsì bí ẹni tó fẹ́ húkọ́.

"Àrẹ̀dú o!"

Onídìrí yọ. "Ojú gbooro o!" Àgbẹ̀ yọ. "Àroko bọ́dún dé o!" Ọdẹ yọ. "Àrìnpa o!" Abiyamọ yọ. "Ẹ kú ewu ọmọ o!" Adẹ́mu yọ lórí ọ̀pẹ. "Igbà á rọ̀ o!"

Mẹ́fà nínú mẹ́fà. Kò tàsé ẹyọ kan. Ó fi ọwọ́ òsì sápò kíá.

"O húkọ́ púpọ̀," ni Ìyá wí.

"Ìkuukùu ni, Ìyá. Mo gbé odindi kan mì nígbà tí mo ń bọ̀."

Ìyá kò rẹ́rìn-ín, kò sì bínú. Ó fa ìwé ńlá kan súnmọ́ra, ó ṣí i. "Ó ku ọ̀rọ̀ kan kí n tó lu òǹtẹ̀. Òfin ni kí n sọ ọ́ fún ọ. Kọnkọ́ṣọ̀n. Kí ló túmọ̀ sí?"

"Orí fífọ́ ni. Gbogbo awakọ̀ ló mọ̀ bẹ́ẹ̀."

"Ta ló sọ fún yín?"

"Ìyá, ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún! Òòlù tó lu irin ni! Orí ẹni tí kò bá fọ́, kí ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń wá níbẹ̀?"

"Gbogbo awakọ̀ ni kò mọ̀, nígbà náà." Ó gbé ìka sí inú ìwé. "Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ wa, ṣùgbọ́n kì í ṣe tiwọn. Wọ́n yá a lọ́wọ́ àwọn ará Róòmù àtijọ́, àwọn tó ń sọ èdè Látìnì. 'Kuátẹ̀rẹ̀' ni wọ́n ń pe kí èèyàn mi nǹkan. Bí wọ́n bá fi 'kọn' síwájú rẹ̀, ó di pé kí a mì í pọ̀, kí a mì í jìgìjìgì. Bí wọ́n bá gbọn igi kí èso lè já, ọ̀rọ̀ náà ni. Bí ìjòyè bá gbọn mẹ̀kúnnù láti gba tọwọ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ni. Wá wo inú rẹ̀ lókè nísàlẹ̀, Ọ̀jẹ̀. Fífọ́ kò sí níbẹ̀. Gbígbá kò sí níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kò sí níbẹ̀. Mímì ni gbogbo rẹ̀."

Agogo inú etí Ọ̀jẹ̀lábí ń lù kíkankíkan. "Mímì lásán?"

"Ṣé lásán?" Ìyá ṣí igbá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ògì ni. Omi rẹ̀ dúró lókè, ó mọ́ gaara. Ògì funfun silẹ̀ nísàlẹ̀ bí ọmọ tó sùn. Ó dé e padà, ó gbé igbá náà lọ́wọ́ méjèèjì, ó mì ín, síwájú, sẹ́yìn, síwájú, sẹ́yìn, ó sì ṣí i. Gbogbo rẹ̀ ti dàrú, ó funfun báláú. "Wo igbá náà yí ká. Wá ibi tó fọ́."

Ọ̀jẹ̀lábí wo igbá. Kò fọ́.

"Bí o bá bi igbá, á ní òdo," ni Ìyá wí. "Báwo la ṣe ń ṣe ògì tó bá dàrú?"

"À ń... à ń gbé e kalẹ̀ ni, Ìyá."

"Fún ìgbà wo?"

"Títí yóò fi tòrò."

"Ká má fọwọ́ kàn án. Ká má bá a sọ̀rọ̀. Ilé Ìdákẹ́ nìyẹn. Kì í ṣe ẹ̀wọ̀n, Ọ̀jẹ̀. Bí wọ́n bá sì mi ògì tí kò tíì tòrò lẹ́ẹ̀kejì, ìyẹn ló ń pa awakọ̀. Nínú afẹ́fẹ́, lójijì, iná á kú lójú rẹ̀."

Láti ojú fèrèsé ni ohùn àwọn ọmọ ti ń wọlé. Orin ni wọ́n ń kọ, wọ́n fi ẹsẹ̀ ń lu ilẹ̀ ọkọ̀: ilẹ̀ dúdú, ilẹ̀ pupa, ilẹ̀ tó gbé bàbá wa, a ń bọ̀. Ogójì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìgò kékeré lọ́rùn, tí wọ́n fẹ́ bu erùpẹ̀ sí. Ọ̀jẹ̀lábí rí Ihò Ẹ̀fúùfù níwájú rẹ̀ kedere. Ó rí ọwọ́ ara rẹ̀ lórí ìtukọ̀. Ó rí i tí ojú rẹ̀ ṣú, tí ọwọ́ ọ̀hún sì já sílẹ̀ bí ọwọ́ aṣọ tí a sá.

Bẹ́ẹ̀ ni ó sì rí àwọn mọ́kànlá tó ń mu ẹ̀kọ. Ó rí ẹ̀rọ tó ń fọ aṣọ, tí òun ti sọ fún lẹ́ẹ̀mejì. Olórí-Irin nínú Ilé Ìdákẹ́, lọ́jọ́ Ìfẹsẹ̀kanlẹ̀! Wọ́n á fi kọrin. Ọdún méje kí ọjọ́ yìí tó tún yí ká, ta ni yóò sì tún yan ẹni tí afẹ́fẹ́ mì? Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ń fẹ́ lọ, ẹsẹ̀ kan ń fẹ́ dúró, ó sì wá ń ta tìpá tìpá lójú kan bí adìyẹ lórí irin gbígbóná.

Sọ ọ́. Sọ fún màmá yìí. Ọ̀rọ̀ márùn-ún péré ni: afẹ́fẹ́ mì mí ní ìdájí. Ó pinnu. Ó mí kanlẹ̀, ó la ẹnu, ó sì gbọ́ ohùn ara rẹ̀:

"Ìyá, ọjọ́ tí òṣùpá já bọ́ láti ọ̀run, orí èmi Ọ̀jẹ̀lábí ló bà lé! Gbàù! Mo ń sùn ni o. Mo ní, 'Ta ló ń kan...'"

Kì í ṣe ohun tó fẹ́ sọ nìyẹn. Ìyá Ṣiyanbọ́lá mú ṣọ́ọ̀kì, ó fa ìlà. Ọ̀jẹ̀lábí wolẹ̀. Ìlà mẹ́ta ló wà níbẹ̀.

"Ìgbà wo ni mo sọ ẹ̀kejì?" ni ó bèèrè, ohùn rẹ̀ kéré.

"Nígbà tí mo ń ṣí igbá ògì."

Kò rántí. Ṣùgbọ́n wò ó, ẹ̀mí ìgbéraga kì í kú bọ̀rọ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ gbá àyà. "Ìyá, àwàdà ni! Ẹ̀yin náà mọ̀ mí. Mẹ́fà nínú mẹ́fà ni mo gbà. Ẹ lu òǹtẹ̀, àwọn ọmọ ń dúró."

"Ó dáa. Mẹ́fà nínú mẹ́fà." Ìyá dìde láti lọ mú òǹtẹ̀ lórí pẹpẹ. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé ìkejì, ìkejì kọ́ ẹsẹ̀ àpótí ìjókòó. Arúgbó ẹni àádọ́rùn-ún ọdún ta gìrì, ó tàdí síwájú, ó fi eékún méjèèjì kanlẹ̀, gbì!

Bí ó bá ṣe ìwọ ni, kí lo máa sọ? Kí ni ọmọ tí kò tíì hu eyín máa sọ? Ajá tó bá gbé ilé Yorùbá pẹ́, bí ó bá rí àgbà tó kọsẹ̀, á fẹ́ sọ ọ́.

Ọ̀jẹ̀lábí wá a. Àjà ṣófo. Pẹpẹ ń yí. Ojú Ìyá wà lára rẹ̀ láti ilẹ̀ níbẹ̀, ó ń dúró. Ó gbé ọwọ́ òsì kúrò lápò, ó wo ìlà tó kẹ́yìn, ó sì fi gbogbo agbára kígbe:

"Igbà á rọ̀ o!"

Ẹ̀rọ Ojú-Inú pàápàá dákẹ́ kíkùn.

Ìyá Ṣiyanbọ́lá dìde fúnra rẹ̀, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kò sí ibi tó ń dùn ún. Ó gbọn erùpẹ̀ ṣọ́ọ̀kì kúrò lára ìró. Ó rìn wá, ó gba ọwọ́ òsì náà, ó ṣí i bí ẹni tó ń ṣí ewé ẹ̀kọ, ó ka ìlà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọ̀jẹ̀lábí kò fa ọwọ́ padà.

"O kọ ti adẹ́mu sílẹ̀," ni ó wí, jẹ́jẹ́. "O kò kọ 'pẹ̀lẹ́'."

"Ìyá..."

"Mi ò bá ọ wí. Ta ló máa ń kọ pẹ̀lẹ́ sílẹ̀? Ìgbà wo ni afẹ́fẹ́ mì ọ́, ọmọ mi?"

Ọ̀rọ̀ tí èèyàn fi ìkanra sọ, Ọ̀jẹ̀lábí ní èsì fún un. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi pariwo sọ, ó ní igba èsì. Ṣùgbọ́n "ọmọ mi" yẹn wọ inú orí irin rẹ̀ lọ tààrà. Ó fa ọwọ́ yọ. Ó yí padà. Ó gba ẹnu ọ̀nà jáde, ó sì tú pápá!

Ó sáré! Ó sáré bí ẹni tí oyin mẹ́rìnlá ń lé tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì wọ bàtà. Afárá okùn ń fì lábẹ́ rẹ̀. Obìnrin onídìrí gbé orí àbúrò rẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà. Àwọn awakọ̀ dìde pẹ̀lú ife ẹ̀kọ lọ́wọ́. "Olórí-Irin, ṣé ó ti yá?" "Ẹ fún un ní àyè, ó fẹ́ fi eré gbéra!"

Ìyá Àṣá dúró ní ìdí pèpéle, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ogójì orí ló yọ lójú fèrèsé. Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ náà wà lápò ọ̀tún Ọ̀jẹ̀lábí, ó ń gbá a nítan bó ṣe ń sáré, ó ń wúwo sí i. Ìṣísẹ̀ mẹ́wàá ló kù. Bí ó bá wọlé, bí ó bá ti ilẹ̀kùn, kí Ìyá Ṣiyanbọ́lá tó rìn dé ibẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ àádọ́rùn-ún ọdún, wọ́n á ti wà nínú ìkuukùu. Ìṣísẹ̀ márùn-ún. Àwọn ọmọ ń pariwo orúkọ rẹ̀. Ìṣísẹ̀ mẹ́ta.

Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó sì ju kọ́kọ́rọ́ náà sí àyà Kújọrẹ́ tó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn.

"Wà á!" ni ó wí. "Wà á, wà á jẹ́jẹ́, bí ẹni gbé igbá ògì!" Kò dúró. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kọjá bí ìjì.

Kújọrẹ́ di kọ́kọ́rọ́ mú, ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀. "Bọ̀ọ̀dá! Ṣé eré náà nìyí?"

Ní ẹ̀yìn ọkọ̀, ẹsẹ̀ Ọ̀jẹ̀lábí kọ́ okùn ìdákọ̀. Ó ta gìrì, ó fẹ́ ṣubú, kò ṣubú; ṣùgbọ́n akoto ọdún mọ́kànlá tú kúrò lórí rẹ̀, ó fò, ó sì ré lu pèpéle irin, gbàù.

"Ọ̀kan," ni akoto wí.

Láti ojú fèrèsé, láìsí ẹni tó ka ení, èjì fún wọn, ogójì ọmọ fi ohùn kan ṣoṣo ké e:

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o!"

Ọ̀jẹ̀lábí kò wẹ̀yìn. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì dé orí rẹ̀ tó wà ní ìhòòhò, ó dì í mú bí ẹni tó ru omi tí kò fẹ́ kó dà, ó sì sáré lọ sí ọ̀nà Ilé Ìdákẹ́.